Ilé Orin Wo Ni Kí Ẹgbẹ́ Wa Náwó Lé?

  

Bí ẹ bá rántí, ní ìpàdé wa àkọ́kọ́ ní sáà yìí, ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ẹgbẹ́ wa sí mẹ́rin. Owó díẹ̀ ṣẹ́ kù lọ́wọ́ akápò, a sì fi ohùn ṣọ̀kan pé kí á fi ra ohun tí yóò jẹ́ kí gbogbo wa lè máa gbọ́ àwọn orin tí à ń kọ́ nípa wọn ní kíláàsì: àpàlà, sákárà, jùjú, fújì, ewì, àti orin ilẹ̀ Okun pẹ̀lú. Ìṣòro kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí a béèrè pé ilé orin wo ni kí á san owó náà fún ni ariwo ta. Àwọn kan ní Spotify ni. Àwọn kan ní Boomplay ni àwọn bá nínú fóònù Tecno àwọn láti ọjọ́ tí àwọn ti rà á, kí ni a tún ń wá kiri? Àwọn tí ń lo iPhone kò pọ̀ nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn ròkè, Apple Music ni wọ́n ń pariwo. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa kàn rẹ́rìn-ín ni tirẹ̀, ó ní orí YouTube ni òun ti ń gbọ́ tòun lọ́fẹ̀ẹ́, òun kò sì rí ìdí tí ẹgbẹ́ yóò fi máa kó owó rẹ̀ fún òyìnbó.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ni ẹgbẹ́ yàn láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àwa náà nìyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni a fi ṣe é, a sì fẹ́ ṣàlàyé ohun tí a rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a rò pé a ó rí.

Kí ni a ń pè ní ilé orin?

Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní streaming kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀, nítorí irú rẹ̀ ti wọ ilé àwọn baba wa rí. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Èkó, tí ó sì tàn dé Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn lẹ́yìn náà. Wọn a fi wáyà fa ohùn rédíò wọ inú ilé, wọn a gbé àpótí kékeré kọ́ ara ògiri, onílé a sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Àpótí náà ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì, nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Bí onílé kò bá san owó, wọn a já wáyà, ohun tí ó gbọ́ lánàá kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ilé orin orí íntánẹ́ẹ̀tì kò jìnnà sí èyí. Orin wà ní ilé wọn, ìwọ ń gbọ́ ọ láti ilé tìrẹ, o ń fi owó san án tàbí kí o fi etí san án nípa gbígbọ́ ìpolówó ọjà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìwọ ni ó ń yan ohun tí o fẹ́ gbọ́. Ní 2015 ni Apple Music àti Boomplay wọ Nàìjíríà, inú fóònù Tecno, Infinix àti itel ni Boomplay sì gbà wọ ọwọ́ àwọn ènìyàn. Audiomack ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 2012. Spotify kò dé ọ̀dọ̀ wa títí di February 2021. Nígbà tí ó dé, 900 náírà ni owó oṣù ẹnì kan, 450 ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Owó náà ti gòkè láti ìgbà náà, ohun gbogbo kúkú ti gòkè. A gba ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ san owó nímọ̀ràn pé kí ó san án fún ilé tí ń ta ọjà rẹ̀ ní náírà. Àwọn tí ń san dọ́là nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ ní June 2023 mọ ohun tí ojú wọn rí.

Dátà ni olówó gọbọi

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, owó oṣù nìkan ni a ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, a rí i pé a ti ń ka iye tíkẹ́ẹ̀tì, a gbàgbé owó mọ́tò. Dátà ni owó mọ́tò yìí. Ní January 2025, àjọ ìjọba tí ń mójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù gba àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù láàyè láti fi owó lé owó wọn, kí ó má ṣáà ti ju 50 lọ nínú 100. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ ọ́n lára, yálà Felele ni ó ń gbé tàbí Adankolo.

Ìwọ̀n dátà tí ń ṣàn wọ inú fóònù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi díwọ̀n ohùn orin. Lórí Spotify, èyí tí ó kéré jù jẹ́ 24 kbps, èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ 96, òmíràn jẹ́ 160, òmíràn sì jẹ́ 320 fún ẹni tí ó bá san owó. Bí o bá fi wákàtí kan gbọ́ orin ní 96, nǹkan bí 43 MB ni yóò jẹ. Bí o bá gbọ́ ọ ní 320, yóò jẹ 144 MB. Ìyẹn ni pé 1 GB yóò gbé ọ dé nǹkan bíi wákàtí 23 ní ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò ní tó wákàtí 7 ní ti èkejì. Ilé orin kan náà ni, orin kan náà ni, ìlà kan ṣoṣo tí o fi ìka tẹ̀ nínú ètò fóònù rẹ ni ó fa ìyàtọ̀. Mẹ́ta nínú àwa márùn-ún kò tíì ṣí ibẹ̀ wò rí láti ọjọ́ tí a ti ń gbọ́ orin.

Apple ní tirẹ̀ sọ pé orin ìṣẹ́jú 3 ń jẹ nǹkan bí 6 MB ní ìwọ̀n tí ó dára, ó sì ń jẹ 36 MB bí ènìyàn bá tan irú èyí tí wọn kò gé ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Àwọn oní-iPhone wa fi èyí yangàn gidigidi. Ṣùgbọ́n orin Yusuf Olatunji tí wọ́n dà kọ láti ara àwo àtijọ́ tí abẹ́rẹ́ ti họ, kí ni 36 MB fẹ́ fi kún un? Ìró àwo tí ń ta pápàpá ni yóò kàn túbọ̀ dún kedere. Ní ti YouTube tí àgbà ẹgbẹ́ wa ní ó jẹ́ ọ̀fẹ́, àwòrán tí ń bá orin rìn ń jẹ dátà ju orin lọ, bí o kò bá sì san owó, o kò lè pa ojú fóònù kí orin máa lọ. Ọ̀fẹ́ tí ń jẹ dátà àti bátìrì, ọ̀fẹ́ wo nìyẹn?

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa ará Lọ́kọ́ja. Ẹni tí ó wà níhìn-ín ní 2022, nígbà tí Odò Ọya àti Bẹ́núé kún tí omi bo ilé, tí ó bo ọ̀nà tí ó lọ sí Abuja, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe ohun tí à ń fi ọkàn tẹ̀. Bí o bá sì lọ sí abúlé lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Bùnú, orí òkè ni wàá gùn kí fóònù tó dún. Nítorí náà a wo ilé tí ń jẹ́ kí ènìyàn tọ́jú orin sínú fóònù. Spotify kò gba ẹni tí kò san owó láàyè láti tọ́jú orin. Audiomack ń gbà á láàyè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní iye tí wọ́n fi òté lé fún àwọn orin kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé orin tí òun tọ́jú bẹ́ẹ̀ ti di tòun. Spotify ń fẹ́ kí ẹni tí ó san owó pàápàá wọ íntánẹ́ẹ̀tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 30, bí owó bá sì tán, orin tí a tọ́jú yóò kọ̀ láti dún. Wọ́n já wáyà nìyẹn.

Ibí yìí náà ni èrò ẹgbẹ́ wa ti kọ́kọ́ fọ́. Ohun tí a rò ni pé kí á ra àkáǹtì kan, kí gbogbo wa jọ máa lò ó. Kò ṣeé ṣe. Àkáǹtì ẹnì kan kì í kọrin ní fóònù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá tẹ̀ ẹ́ ní Ganaja, orin yóò dákẹ́ létí ẹni tí ń gbọ́ ọ ní Lokongoma. Àdéhùn tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì sọ pé fún etí ẹni tí ó ra á ni, kì í ṣe fún ìnáwó tàbí àpéjọ. Bẹ́ẹ̀ àwa ti ń gbèrò láti fi ṣe Ọjọ́ Yorùbá ní gbàgede!

Ohun tí a wá, àti ohun tí a rí

A kọ orúkọ àwọn olórin àti akéwì méjìlá sórí ìwé, a sì ń wá wọn láti ilé dé ilé. Inú wa dùn sí ohun tí a rí ní apá kan. Haruna Ishola wà, Ayinla Omowura wà, Yusuf Olatunji wà, ilé tí ó ju ọ̀kan lọ ni wọ́n sì wà. Ẹni tí ó bá ti rò pé orin àwọn ọmọdé òde òní nìkan ni ó wà níbẹ̀ kò tíì wá a dáadáa ni.

Àmọ́ wíwá a dáadáa gan-an ni iṣẹ́. Ibì kan kọ Ishola, ibòmíràn kọ Isola. Ibì kan so Omowura pọ̀, ibòmíràn já a sí méjì. Àmì ohùn tí olùkọ́ wa ń fi pátákó kọ́ wa kò wúlò níbẹ̀. Bí ẹni tí ó kó orin wọlé ṣe kọ ọ́ ni ìwọ náà gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Nígbà tí a sì kọ "Okun" láti wá orin ilẹ̀ Okun, orin nípa òkun tí omi rẹ̀ jẹ́ iyọ̀ ni ó kọ́kọ́ jáde, a rí ti okùn tí a fi ń di ẹrù pẹ̀lú. A rín ẹ̀rín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Èyí tí kò pa wá lẹ́rìn-ín ni ti ọdún. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kọ iṣẹ́ àṣetiléwá lórí àpàlà ní ọdún tí ó kọjá, ó sì kọ ọ́ pé Haruna Ishola gbé àwo orin kan jáde ní ọdún 2000 lé. Olùkọ́ fi ìwé pupa yí i ká, nítorí 1983 ni Haruna Ishola kú. Ọmọ náà kò parọ́. Ọdún tí ó rí lójú fóònù ni ó kọ. Ilé orin tí ó lò kọ ọdún tí wọ́n kó orin náà wọlé, kò kọ ọdún tí wọ́n kọ ọ́. "Oroki Social Club" tí gbogbo wa mọ̀, 1971 ni ó jáde; ẹ wo ọdún tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú fóònù yín kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ayinla Omowura kú ní 1980, Yusuf Olatunji ní 1978. Ẹ fi àwọn ọdún wọ̀nyí sọ́kàn bí ẹni fi òté lé e: ohunkóhun tí fóònù bá ní wọ́n kọ lẹ́yìn rẹ̀, àtúntẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò rí orúkọ onílù. Ẹ̀yìn páálí àwo àtijọ́ ni ènìyàn ti ń ka orúkọ àwọn tí ó lu ìyá ìlù, tí ó gbe orin, tí ó ta gìtá. Nínú fóònù, olórí ẹgbẹ́ nìkan ni ó kù, bí ẹni pé òun nìkan ni ó lu gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ gidi lórí sákárà kò lè ti ibẹ̀ parí rẹ̀, ó di dandan kí ó wá ẹni tí ó ní àwo náà nílé.

Owó yẹn, ta ni ó ń jẹ ẹ́?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ni ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ó ní bí a bá ń gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, a ń rẹ́ olórin jẹ, bí a bá san owó, ó kéré tán ọkàn wa mọ́. A fara mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi wá ọ̀nà tí owó náà ń gbà, ibẹ̀ ni a sì ti pẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ wa.

Ọ̀pọ̀ ilé orin kì í mú owó rẹ fún ẹni tí o gbọ́. Wọ́n ń da owó gbogbo wa sínú ìkòkò kan ni. Spotify sọ pé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta owó tí ń wọlé fún òun ni òun ń kó fún àwọn tí ó ni orin. Wọn a wá ka iye ìgbà tí wọ́n tẹ orin kọ̀ọ̀kan, wọn a sì pín ìkòkò náà gẹ́gẹ́ bí iye yẹn. Ìgbà kan pé bí orin bá ti dún fún ìṣẹ́jú àáyá 30.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò ọmọ ilé-ìwé lórí rẹ̀. Ká ní ènìyàn méjì péré ni ó wà ní ilé orin kan, tí oníkálukú san 1,000 náírà, tí ìkòkò sì jẹ́ 2,000. Àwọn méjèèjì gbọ́ orin fún wákàtí 3 lóṣù náà. Ẹni àkọ́kọ́ ń gbọ́ àpàlà. Ẹ̀gbẹ́ àwo kan ni wọ́n kó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orin kan, ó sì gba ìṣẹ́jú 20. Ẹni kejì ń gbọ́ orin ìgbàlódé tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 3. Ti ẹni àkọ́kọ́ yóò jẹ́ ìgbà 9. Ti ẹni kejì yóò jẹ́ ìgbà 60. Bí a bá pín in, nǹkan bí 261 náírà ni yóò kan àpàlà nínú 2,000, bẹ́ẹ̀ olùfẹ́ àpàlà san 1,000 bí ẹnì kejì rẹ̀, wákàtí tí ó sì fi gbọ́ orin kò dín. Owó rẹ̀ tí ó kù ti lọ bá àwọn olórin tí kò gbọ́ rí.

Nígbà tí a rí èyí, gbogbo wa dákẹ́. Àwọn baba wa kì í kọ orin ìṣẹ́jú 3. Wọn a kí onílé, wọn a kí àlejò, wọn a pa òwe, wọn a jẹ́ kí ìlù sọ tirẹ̀, kí wọ́n tó tún padà sórí orin. Jùjú àti fújì náà kò yára. Gígùn tí à ń yìn ní kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n iṣẹ́ wọn ni ó ń dín owó wọn kù nínú ìkòkò yìí.

Èyí tí ó tún jìn jù ú lọ wà níwájú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, Spotify kì í san owó àwo lórí orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12. Ìgbà 1,000 kò tó nǹkan fún ọmọ Èkó tí ń kọrin. Ṣùgbọ́n ẹ wo orin kan ní èdè Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀. Bí ẹni 40 bá wà nínú ẹgbẹ́ wa, olúkúlùkù wa gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní ìgbà 25 láàárín ọdún kan kí ẹni tí ó kọ ọ́ tó lè rí kọ́bọ̀. A kò sọ pé kò ṣeé ṣe. Ohun tí a sọ ni pé kí ẹni tí ó bá ń san owó nítorí kí ó lè ran olórin kékeré ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mọ bí ọ̀nà náà ti jìn tó. SoundCloud gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní 2021: owó olùgbọ́ ń lọ bá ẹni tí ó gbọ́ gan-an, fún àwọn olórin tí wọ́n dá dúró. Ó wu wá púpọ̀. Ó kàn jẹ́ pé àwọn àgbà tí à ń wá kò pọ̀ níbẹ̀.

Bí owó bá tilẹ̀ jáde, ẹni tí ó ni orin ni wọ́n ń san án fún, ẹni tí ó ni ín kì í sì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́ nígbà gbogbo. Ẹ rántí pé ní 1974 ni Sunny Adé kúrò lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ African Songs tí ó sì dá Sunny Alade Records tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn tí kò lè dá tiwọn sílẹ̀ ńkọ́?

Kásẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà

A kò bá ti parí iṣẹ́ wa síbẹ̀ bí kì í bá ṣe ọ̀kan nínú wa tí ó gbé kásẹ́ẹ̀tì kan wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀. Ọmọ Bùnú ni. Ó ní kí á wá èyí náà láti ilé dé ilé bí a ti wá Haruna Ishola. Ìyá àgbà rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kọrin nínú rẹ̀ níbi ìgbéyàwó kan. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó fi tẹ́ẹ̀pù gbà á sílẹ̀, kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Obìnrin méje ni ohùn wọn wà níbẹ̀. Méjì péré ni ó ṣì wà láyé.

Dájúdájú kò sí i níbì kankan. Orin ìhìn rere àti orin fàájì àwọn ọ̀dọ́ Okun wà díẹ̀díẹ̀ káàkiri, inú wa sì dùn láti rí wọn, ṣùgbọ́n kò sí ilé orin kan, ti olówó tàbí ti ọ̀fẹ́, tí ó ní ohùn àwọn ìyá wọ̀nyí. Èrò tí ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé kí àwa fúnra wa gbé e síbẹ̀. Audiomack àti YouTube ń jẹ́ kí ènìyàn gbé orin tirẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Spotify àti Apple Music ń fẹ́ kí ó gba ọwọ́ alágbàtà. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ẹnì kan tó béèrè pé ta ni ó fún wa láṣẹ.

Bí a ṣe lọ bá ìyá àgbà nìyẹn ní ọjọ́ Sátidé kan. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, ọmọ ọmọ wọn sì ṣàlàyé ohun tí a bá wá.

Wọ́n ní, "Bí ẹ bá gbé e sínú ẹ̀rọ yẹn, ta ni yóò máa gbọ́ ọ?"

A ní, "Gbogbo ayé ni, ìyá."

"Gbogbo ayé? Títí kan ẹni tí kò mọ ìyàwó?"

A kò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní kí á tan án kí àwọn gbọ́. Tẹ́ẹ̀pù tí ọmọ náà yá kọ́kọ́ pọ́n ọn, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyá àgbà ń mi orí, wọ́n ń dárúkọ àwọn tí ó ti kú bí ohùn wọn ti ń wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé orí orin kejì, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí á pa á kíá. Orin èébú àna ni. Wọ́n ní àna tí àwọn bú nínú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni baálẹ̀ báyìí.

"Èyí kò gbọdọ̀ jáde o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ti àkọ́kọ́, ẹ lè gbé e fún wọn. Ẹ kàn kọ orúkọ àwa méjèèje sí i."

Ohun tí a fi lélẹ̀ fún ẹgbẹ́

Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ wò, èyí ni ìmọ̀ràn wa. Kí ẹgbẹ́ má ṣe san owó fún ilé orin kankan. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ orin lójoojúmọ́ tí kò sì lówó, kí ó lo ibi tí ó ti lè tọ́jú orin lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì fa ìwọ̀n ohùn wálẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e, kí ó san owó akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń ta á bẹ́ẹ̀ ní náírà, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ san án. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí kò gbọdọ̀ dúró lórí ilé kan. Orí YouTube ni a ti rí ọ̀pọ̀ àwo àtijọ́ tí kò sí níbòmíràn, ṣùgbọ́n àwọn olùfẹ́ orin ni wọ́n gbé wọn síbẹ̀, ẹni tí ó ni orin lè ní kí wọ́n yọ ọ́ lọ́la. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ sílẹ̀.

Owó ẹgbẹ́ ńkọ́? A ní kí á fi ra dísìkì kan àti wáyà tí yóò so tẹ́ẹ̀pù mọ́ kọ̀ǹpútà. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan kò ní gba ju nǹkan bí 635 MB lọ bí a bá gbà á sílẹ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe síídì, láìgé ohunkóhun kúrò. Kí á fi ẹ̀dà kan sí dísìkì ẹgbẹ́, ọ̀kan sí ilé ìkàwé, ọ̀kan sí ọwọ́ ìdílé tí ó ni ín. Orin kejì yóò wà ní ọwọ́ ìdílé nìkan. Akọ̀wé wa kò fara mọ́ èyí. Ó ní bí a kò bá tọ́jú orin èébú náà sí ilé ìkàwé, ọdún 20 sí i kò ní sí ẹni tí ó mọ̀ pé àwọn ìyá Bùnú ń bú àna wọn báyìí. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti sọ̀rọ̀, ìgbìmọ̀ kò sì lè fi ìbò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. A ó gbé àríyànjiyàn náà wá sí ìpàdé gbogbogbò.

Ní báyìí, okùn kásẹ́ẹ̀tì náà ti já ní ibì kan lápá kejì, ọ̀rinrin sì ti wọ inú rẹ̀. Tẹ́ẹ̀pù tí a yá kò ṣeé fọkàn tán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti fẹ́ gbé e mì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní tẹ́ẹ̀pù nílé tí orí rẹ̀ ṣì mọ́, tí ihò gbohùngbohùn etí rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó jọ̀wọ́ rí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Sátidé tí ó tẹ̀ lé ìdánwò ni a ó padà lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kọ orúkọ àwọn méjèèje sílẹ̀.